Ọjọ́ Orí Ọmọ Kì Í Ṣe Ọjà Tí À Ń Ná

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá sí ìpàdé ló mọ̀ pé a kò rí ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó yanjú lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ti múra àtigbowó fi ìbínú lọ sílé, wọ́n sì jàre. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló gba gbogbo àkókò mọ́ wa lọ́wọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà láti ọdún gbọọrọ. Òun ni a fẹ́ fi ojú ewé yìí gbé yẹ̀ wò: bí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18 bá fi àdá tàbí ìbọn ṣe ènìyàn léṣe, ṣé kọ́ọ̀tù àgbàlagbà ni kí wọ́n gbé e lọ kó gba ìdájọ́ àgbàlagbà, àbí kọ́ọ̀tù ọmọdé?

Fún àwọn tí kò wá, bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ rèé. Lóru ọjọ́ kan, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin já ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ pariwo, wọ́n sì fi àdá ṣá a lápá ọ̀tún. Mẹ́ta sá lọ, ọwọ́ tẹ ẹ̀kẹrin. Kí ọlọ́pàá tó dé, àwọn kan ti gbé táyà wá, àwọn kan sì ti ń wá epo bẹntiróòlù kiri. Ọpẹ́lọpẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó ti ọmọ náà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ní bí wọ́n bá máa sun ún kí wọ́n kọ́kọ́ da epo sí òun lórí. Nígbà tí wọ́n dé tésàn kan, ọmọ náà ní ọmọ ọdún 15 ni òun. Ẹnì kan láàárín èrò tó tẹ̀ lé wọn ní, "Ẹ kọ ọ́ sí 19 jàre, kó lè lọ jìnnà." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì kọ ọ́. Ìyá ọmọ náà sáré lọ sílé, ó mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n fún un nígbà tó bí i wá, káàdì tí ọ̀rinrin ti ba etí rẹ̀ jẹ́, àmọ́ tí ọdún tí wọ́n bí ọmọ ṣì hàn kedere nínú rẹ̀.

Ibi tó ti dùn wá jù ni pé ọmọ ẹgbẹ́ wa ni ìyàwó ọlọ́dẹ, ọmọ ẹgbẹ́ wa náà sì ni ìyá ọmọ. Àwọn méjèèjì jọ ń dá owó oṣooṣù ni. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan nínú wa ti kọ lẹ́tà sílẹ̀, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i kí a sì gbé e lọ fún ọ̀gá ọlọ́pàá, pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa fẹ́ kí wọ́n gbẹ́jọ́ ọmọ náà bí àgbàlagbà, kí wọ́n má sì wo ti káàdì kankan. Lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ìgbìmọ̀ kò tí ì fọwọ́ sí i. Ìdí rẹ̀ lẹ ó kà níbí, kẹ́ ẹ lè fi ọpọlọ tó jí pépé wá sí ìpàdé tó ń bọ̀.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa. Ẹni tí àdá bà kò ní bèèrè ọjọ́ orí ẹni tó ṣá a. Ìyàwó ọlọ́dẹ dìde ní ìpàdé, ó ní ọkọ òun kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ṣíbí dé ẹnu mọ́, ṣé àwọn ènìyàn á wá sọ fún òun pé ọmọdé ló ṣe é ni? Gbogbo ilé dákẹ́. Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn, àwa náà kò sì dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ náà la kò tí ì gbàgbé April 2020, nígbà tí ìjọba sé ìlú mọ́lé nítorí àrùn Kòrónà, tí orúkọ One Million Boys àti Awawa gba gbogbo ẹnu kan, tí àwọn ọkùnrin àdúgbò káàkiri Èkó ń jó táyà tí wọ́n sì ń ṣọ́ òpópónà títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn ọmọ tí irùngbọ̀n wọn kò tí ì hù wà lára àwọn tí a torí wọn kò sùn. Ẹni tó bá ní kí ẹ̀rù má bà wá, bóyá kì í ṣe àárín wa ló ń gbé.

Bàbá kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò tún mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá tó gba àròjinlẹ̀. Ó ní àwọn àgbà olè mọ̀ pé òfin ń rọra mú ọmọdé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti ọmọdé síwájú, tí wọ́n ń fi àdá lé e lọ́wọ́, tí àwọn fúnra wọn á dúró sí ìkóríta. Òótọ́ ni. A ó padà sórí èyí.

Ṣùgbọ́n kí la ti rí sẹ́yìn? Ọ̀pọ̀ wa rò pé àná òde yìí ni àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn gbé ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù ọmọdé dé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà ogun Hitler, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, Èkó kún fún àwọn ọmọ tí kò ní alágbàtọ́. Àwọn jàgùdà ń yọ owó lápò ènìyàn ní ọjà àti ní ìdíkọ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní bọ́mà bọ́ì sì ń fọ̀nà ilé aṣẹ́wó han àwọn atukọ̀ òkun. Ìjọba òyìnbó yan Donald Faulkner láti máa mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ní 1943 òfin àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1946. Ẹni tí kò tí ì pé ọdún 14 ni òfin náà pè ní ọmọdé. Ẹni tó ti pé 14 tí kò tí ì pé 17 ló pè ní ọ̀dọ́. Ó ní kí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ wọn lọ́tọ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kí èrò ọjà wọlé wá wò wọ́n.

Òfin dáadáa ni, àmọ́ ihò méjì wà lára rẹ̀. Àkọ́kọ́, kọ́ọ̀tù ọmọdé kò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn. Èkejì, bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn kan ọmọ àti àgbàlagbà pọ̀, kọ́ọ̀tù àgbàlagbà ni wọ́n jọ ń lọ. Ihò kejì yìí ló ṣe wá léṣe jù, nítorí ọmọdé kì í sábà dá nìkan lọ jalè pẹ̀lú ìbọn.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìbọn di ohun tí à ń rí nígboro. Ìjọba Gowon ṣe òfin ìdigunjalè ní 1970, ó sọ ikú di ìjìyà rẹ̀. Àwọn àgbà inú wa ṣì rántí Bar Beach ní September 1971, nígbà tí wọ́n yìnbọn pa Ishola Oyenusi lójú ọ̀pọ̀ èrò, tí àwọn kan gbé ọmọ wọn kọ́ èjìká kó lè ríran. Kọ́ọ̀tù àkànṣe tí a mọ̀ sí tíráíbúnà ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1984, ìjọba ológun tún ṣe òfin mìíràn pé ẹni tí tíráíbúnà bá dá lẹ́bi kò ní ibi tí yóò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí. Ní 1988, tíráíbúnà ní Èkó níbí dájọ́ ikú fún ọ̀dọ́ 12; ọmọ ọdún 14 ni ọ̀kan nínú wọn nígbà tí wọ́n mú un ní 1984. Lọ́dún 1988 kan náà yẹn ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ, nínú ẹjọ́ tí àwọn lọ́yà ń pè ní Modupe àti Ìjọba, pé bí ẹ̀rí bá fi hàn pé ẹnì kan kò tí ì pé ọdún 17 nígbà tó ṣẹ̀, adájọ́ kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu pe ìdájọ́ ikú lé e lórí, áńbọ̀sì kó kọ ọ́ sílẹ̀. Adájọ́ àgbà ń sọ tirẹ̀, tíráíbúnà ń ṣe tirẹ̀.

Ẹjọ́ tó yẹ ká fi ṣe àpẹẹrẹ gan-an wáyé ní ìpínlẹ̀ Ìmò. Ní 30 May 1997, tíráíbúnà ní Owerri dájọ́ ikú fún ènìyàn méje lórí ẹ̀sùn ìdigunjalè. Ọmọdé méjì wà nínú wọn. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 15 nígbà tí wọ́n mú un, èkejì jẹ́ 14. Ní 31 July ọdún náà, ìjọba ológun ní kí wọ́n yìnbọn pa mẹ́fà ní gbangba, ọmọ tó jẹ́ 15 nígbà tí wọ́n mú un sì wà lára wọn. Ọmọ ọdún 17 ni lọ́jọ́ tó kú. Wọ́n dá ẹ̀mí èkejì sí nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n sì yí ìdájọ́ rẹ̀ padà sí ẹ̀wọ̀n. Látìgbà tí wọ́n mú un ní 1995 ló ti ń sọ pé òun kò mọ nǹkankan nípa rẹ̀. Ó di 2012 kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, lẹ́yìn ọdún 17 lẹ́yìn odi. Ó wọlé ní ọmọ súkúù, ó jáde ní ẹni tó ti lé ní 30 ọdún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ibẹ̀ dáadáa: àwọn méjèèjì kò ju ọdún kan lọ síra wọn, tíráíbúnà kan náà ló sì dájọ́ wọn, ọ̀kan wà nílẹ̀, ọ̀kan wà láyé. Ọdún kan péré tí ènìyàn lè fi bírò kọ láàárín ìṣẹ́jú kan lórí tábìlì tésàn.

Ẹnì kan á ní, ó kéré tán, irú ìjìyà bẹ́ẹ̀ dẹ́rù ba àwọn olè yòókù. Ṣé lóòótọ́? Lẹ́yìn Oyenusi ni Anini dé ní Benin ní 1986, ọdún 15 lẹ́yìn tí Bar Beach ti ń gbọ́ ìró ìbọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ní Ojúwòyè àti ní Ọlọ́ṣà nígbà náà, ṣé ẹ fi ilẹ̀kùn yín sílẹ̀ láì tì í?

Òfin tó wà nílẹ̀ lónìí ti dí ihò méjèèjì yẹn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti gbogbo orílẹ̀-èdè jáde ní 2003, ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007. Ẹnikẹ́ni tí kò bá tí ì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Wọn kò gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù ọ̀daràn ti àgbàlagbà, wọn kò gbọ́dọ̀ dájọ́ ikú fún un, wọn kò gbọ́dọ̀ nà án lẹ́gba, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi í sẹ́wọ̀n. Kọ́ọ̀tù ìdílé ni yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ìpele méjì ló sì ní: ti màjísíréètì, àti ti ilé ẹjọ́ gíga. Ẹ̀sùn tó wúwo, irú èyí tí àgbàlagbà fi ń gba ìdájọ́ ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá sókè, iwájú adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ló ń lọ.

Àwọn tó ń sọ pé kọ́ọ̀tù ọmọdé jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fún ọmọ ní bisikíìtì kò tí ì dé ibẹ̀ rí. Bí ọmọ bá gbìyànjú láti pànìyàn, tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣá ènìyàn láti ṣe é léṣe gidi, òfin náà gba adájọ́ láyè láti ní kí wọ́n fi í sí àhámọ́ fún iye ọdún tí adájọ́ bá kà. Kì í ṣe pé yóò sùn sílé lọ́jọ́ kejì kó máa bú wa lójú títì. Ilé àtúnṣe àwọn ọmọkùnrin wà ní Orégùn àti Ìṣẹrì, ti àwọn ọmọbìnrin wà ní Ìdí-Àràbà níbí tí a lè fẹsẹ̀ rìn dé. Fún àwọn tó ti tó ọdún 16 sókè, ilé tí wọ́n ń pè ní Borstal wà ní Abẹ́òkúta, ní Ilorin àti ní Kaduna. Ẹ̀kọ́ ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ ló yẹ kí wọ́n máa kọ́ níbẹ̀. A sọ pé "ó yẹ" nítorí a mọ ìlú tí à ń gbé. Àmọ́ ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò, títún la máa ń tún un ṣe, a kì í torí rẹ̀ lọ sùn sínú kànga.

Ẹ jẹ́ ká sọdá sí òkè òkun díẹ̀, nítorí ẹjọ́ kan wà níbẹ̀ tó kan àwa Yorùbá gan-an. Èkó níbí ni wọ́n bí Dàmílọ́lá Taylor sí ní December 1989. Ní 2000, ìyá rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sí London, wọ́n sì ń gbé ní Peckham. Oṣù díẹ̀ péré ni wọ́n lò. Ní 27 November ọdún náà, bí ọmọ náà ṣe ń ti ilé ìkàwé bọ̀, wọ́n fi ìgò fífọ́ gún un nítan, ẹ̀jẹ̀ sì dà títí ó fi kú sórí àtẹ̀gùn. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún 11. Ó di 2006 kí wọ́n tó dá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì lẹ́bi; ọmọ ọdún 12 àti 13 ni wọ́n nígbà tí wọ́n ṣe é. Ọdún mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n dá fún wọn, ní ibi tí wọ́n ń fi àwọn ọ̀dọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé ó kéré, bí ó bá sì jẹ́ ọmọ tiwa ni, àwa náà á sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ní láti dá ọ̀kan nínú wọn padà sí àhámọ́ lẹ́yìn tí wọ́n tú u sílẹ̀. A kò fi èyí pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí bàbá ọmọ náà, Richard Taylor, àti ìyàwó rẹ̀ Gloria ṣe. Ní orúkọ ọmọ wọn tó kú, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń ran àwọn ọ̀dọ́ tálákà lọ́wọ́ kí wọ́n má baà di ọlọ́bẹ. Títí tí bàbá náà fi kú ní 2024, iṣẹ́ yẹn ló ń ṣe. Ẹni tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ ni o, kì í ṣe ẹni tó ń wòran.

Britain fúnra rẹ̀ ti kọsẹ̀ kó tó mọ ọ̀nà. Ní 1993, wọ́n gbé ọmọ ọdún 11 méjì tó pa ọmọ ọdún méjì kan lọ sí kọ́ọ̀tù àgbàlagbà. Àwọn ọmọ náà kúrú débi pé wọ́n ní láti gbé ibi tí wọ́n jókòó sí ga kí wọ́n tó lè ríran. Ní 1999, kọ́ọ̀tù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù sọ pé ẹjọ́ náà kò tọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é, nítorí ọmọ tí ẹ̀rù bà tó bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ìlú ń wò, kò lè lóye ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Amẹ́ríkà tó máa ń le mọ́ ọmọdé ju ti ibòmíràn lọ, ní 2005 ni kọ́ọ̀tù wọn tó ga jù fòpin sí ìdájọ́ ikú fún ẹni tí kò tí ì pé 18 nígbà tó ṣẹ̀.

Ní tiwa níbí, òfin ti wà lórí ìwé, àmọ́ bírò tésàn ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ẹ rántí 1 November 2024 ní Abuja, nígbà tí wọ́n kó ènìyàn 76 wá sí kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ nítorí ìwọ́de oṣù August. Ọmọdé pọ̀ nínú wọn, wọ́n rù kan eegun, àwọn kan sì ṣubú lulẹ̀ lójú adájọ́. Mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà ni béèlì ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, lẹ́yìn tí ariwo ti gba ìlú, wọ́n da ẹjọ́ náà nù. Kò yẹ kó dé ibẹ̀ rárá, bí ẹnì kan bá ti bèèrè ọjọ́ orí wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá kan àwa oníṣòwò rèé. Ní ọjà, bí ẹ bá pe ẹgbẹ̀rún márùn-ún, oníbàárà á ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ẹ ó sì pàdé láàárín. Ọjọ́ orí kò ní àárín. Ọmọ tó jẹ́ 15, 15 ni. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sí 19, Kirikiri tàbí Ìkòyí ló ń lọ láti dúró de ẹjọ́, ẹ sì mọ bí ẹjọ́ ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ yìí. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ télọ̀ fún ọdún mẹ́ta, télọ̀ ni yóò jáde. Ẹni tó bá sùn ti ògbólógbòó adigunjalè fún ọdún mẹ́ta, iṣẹ́ wo ni yóò kọ́ jáde? Kì í ṣe Abuja ni yóò sì padà sí. Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni, òpópónà tí ṣọ́ọ̀bù wa wà.

Àwọn kan tún máa ń dín ọjọ́ orí kù o. Àgbàlagbà ọdún 23 tí ọwọ́ tẹ̀ á ní 16 ni òun, bí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa kan tí wọn kì í dàgbà. Irọ́ ni èyí náà, a kò sì ní gbà á. Bí iyèméjì bá wà, kọ́ọ̀tù lágbára láti wádìí ọjọ́ orí, kó sì gbọ́ ti dókítà. Kọ́ọ̀tù ni kó ṣe é, kì í ṣe àwa tí inú ń bí.

Owó tún wà ńbẹ̀, ẹ sì jẹ́ ká sọ ọ́ láì tijú. Òfin ọmọdé fún kọ́ọ̀tù lágbára láti pàṣẹ pé kí òbí san owó ìtanràn tàbí owó gbà-má-bìínú fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣe léṣe. Bí ọmọ bá ti di ẹni ọdún 19 nínú ìwé, òbí rẹ̀ ti bọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Yóò lọ sẹ́wọ̀n, ọlọ́dẹ yóò jókòó sílé pẹ̀lú apá tó rọ, kò sì sẹ́ni tí yóò san kọ́bọ̀ fún un. Àwọn tó kọ lẹ́tà wọ̀nyẹn rò pé ọlọ́dẹ ni wọ́n ń gbèjà. Lójú tiwa, oúnjẹ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà láìmọ̀. Ìyá ọmọ náà sì ti wá bá akọ̀wé, ó fi ìwé sílẹ̀ pẹ̀lú ìtẹ̀ka rẹ̀, ó ní kí a yọ owó ìwòsàn ọlọ́dẹ nínú owó ìfipamọ́ òun. Kò dúró de kọ́ọ̀tù. Ó ní òun kò ní kí wọ́n dárí ji ọmọ òun, kí wọ́n ṣáà má sọ ọ́ di ẹni tí òun kò bí.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ bàbá oníṣòwò ẹ̀yà mọ́tò. Àwọn àgbà tó ń ti ọmọdé síwájú, òfin 2003 kò gbàgbé wọn: ẹni tó bá lo ọmọdé láti dáràn lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 jura. Nínú àwọn mẹ́ta tó sá lọ lóru yẹn, ó kéré tán ẹnì kan ti ní ìyàwó nílé, àwọn tó rí i sì mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà nípa tirẹ̀? Ọmọ tó wà lọ́wọ́ rọrùn láti bínú sí ju àgbàlagbà tó ṣì ń rìn kiri tó sì mọ ilé wa lọ. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ fi kọ lẹ́tà kejì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí: kí wọ́n kọ ọjọ́ orí ọmọ náà bó ṣe wà nínú káàdì, kí wọ́n gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù ìdílé lórí ẹ̀sùn pé ó wà lára àwọn tó ṣá ènìyàn, kí wọ́n má sì dín ẹ̀sùn náà kù, kí wọ́n wá àwọn mẹ́ta yòókù, kí a sì bẹ kọ́ọ̀tù pé kó wo ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú ọlọ́dẹ. Bí tésàn kò bá fetí sí wa, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé wà ní Alákàrà ní Mushin, kò jìnnà. Ìjọba Èkó náà ní ọ́fíìsì àwọn lọ́yà tó ń gbèjà aláìní lọ́fẹ̀ẹ́, láti 2000 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Lẹ́tà méjèèjì la ó kà sí etí gbogbo yín ní ìpàdé tó ń bọ̀, ọwọ́ nínà la ó sì fi pinnu èyí tí ẹgbẹ́ máa fọwọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ kó fún akọ̀wé lórúkọ ṣáájú ọjọ́ náà, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Ìyàwó ọlọ́dẹ ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ bí ó bá fẹ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó so mọ́ ọn: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọọṣẹ́ tí kò tí ì pé ọdún 18, ẹ mú ẹ̀dà ìwé ìbí wọn wá, kí akọ̀wé fi í sínú fáìlì. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò ní, kó lọ gbà á lọ́dọ̀ àjọ ìkànìyàn, ọ̀fẹ́ ló yẹ kí wọ́n ṣe é fún ọmọdé. Ọmọ tó ń sùn sínú ṣọ́ọ̀bù yín, tí ẹ kò mọ ọdún tí wọ́n bí i, tí ẹ kò mọ ilé ìyá rẹ̀, ẹ lọ bi í léèrè lálẹ́ òní.

Fún ìtọ́jú apá ọlọ́dẹ, akápò ti ṣí ojú ewé kan sínú ìwé rẹ̀, kó lè kún èyí tí ìyá ọmọ ní ká yọ. Títí di ìgbà tí a fi ń tẹ ìwé yìí, ènìyàn 11 ló ti dá owó síbẹ̀. Akápò ń jókòó ní ọ́fíìsì ní ọjọ́ Tuesday àti Friday láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.